Eré Tí Kò Ní Pátákó

Mo gbé àpótí eré náà padà sí ìsọ̀ tí mo ti rà á, nítorí mo rò pé wọn kò kó gbogbo nǹkan sínú rẹ̀. Mo ti tú u sórí tábìlì ilé ìdáná wa ní Irving, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas. Ìwé pẹlẹbẹ méjì ni mo bá níbẹ̀, àti káàdì tí wọ́n ya àwọn ènìyàn tó wọ aṣọ fífún sí, àti dáìsì tí ojú wọn pọ̀ ju ti lúdò lọ. Mo gbọn àpótí náà. Mo wo inú ìdérí rẹ̀. Kò sí pátákó.

Ọmọbìnrin kan tí ó pa irun rẹ̀ láró ló wà nídìí owó ní ìsọ̀ náà, ní Grapevine. Mo sọ fún un pé wọ́n gbàgbé láti fi pátákó sí i.

Ó ní, "Kò ní pátákó, sà."

"Orí kí ni wọn yóò wá máa ta á?"

Ó fi ìka kan orí ara rẹ̀. "Ibí."

Mo dúpẹ́. Mo gbé àpótí mi padà sínú ọkọ̀, mo sì jókòó síbẹ̀ díẹ̀ kí n tó ṣáná sí i.

Ọmọ mi ló ní kí n wá eré yìí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé ìwé, mo pẹ́ kí n tó gbéyàwó, mo sì pẹ́ kí n tó bímọ. Ìyàwó mi kò pẹ́ kí ó tó lọ. Láti ìgbà tí ó ti kú, ọmọ kankan kò tíì wá ṣeré nílé wa. Kì í ṣe pé mo lé wọn. Òun ló máa ń pe ènìyàn, èmi ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń pè wọ́n mọ́, kò sí ẹni tí mo ń ṣílẹ̀kùn fún.

Àbúrò ìyàwó mi, tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, ní kí ọmọ náà máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun bí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, kí ó sì máa gbé ibẹ̀ lọ. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ọmọ mẹ́ta ló bí, ariwo kì í sì í tán nílé rẹ̀. Ó bá mi sọ ọ́ lórí fóònù, kò sì fi bọpo bọyọ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ má bínú sí mi. Ilé yín dákẹ́ jù. Ta ni ọmọdé ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀?"

"Mo gbọ́."

"Ẹ ò wá rí i! 'Mo gbọ́' náà lẹ tún sọ."

A fẹnu kò sí i pé ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó fẹ́. Àǹtí rẹ̀ yóò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní ọjọ́ ìsinmi kan, yóò sì gbọ́ ìdáhùn lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ mi dúró tì mí. N kò sọ fún un. Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, àánú mi ni yóò mú un dúró, irú dídúró bẹ́ẹ̀ kò sì wù mí.

Ìgbà tí ọjọ́ náà ń sún mọ́lé ni ọmọ wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́.

"Dádì, ṣé mo lè pe àwọn ènìyàn wá ní Sátidé?" Èdè òyìnbó ló fi bi mí, bí ó ti máa ń ṣe.

"Àwọn wo?"

Ó ní àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa mẹ́ta ni: tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tí wọ́n ń gbé ní Pleasant Grove, àti ọmọkùnrin kan tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa.

"Kí ni wọ́n ń bọ̀ wá ṣe?"

"Eré akọni alágbára. A máa jókòó yí tábìlì ká, kálukú á máa sọ ohun tí akọni tirẹ̀ ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ máa darí rẹ̀."

"Èmi?"

"Àgbà ló yẹ kó darí rẹ̀. Ẹ ṣáà yan èyí tó rọrùn, Dádì. Àwọn yẹn ò tíì ṣe é rí."

Mo ní kò burú. N kò mọ ohun tí mo gbà láti ṣe.

Kì í ṣe àpótí yẹn ni mo kọ́kọ́ rà. Ìwé ni mo kọ́kọ́ rà, èyí tó nípọn jù lórí pẹpẹ. Ní tèmi, ìwé tó bá wúwo ni ọgbọ́n wà. Ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù èrò ni mo ń tún ṣe ní pápákọ̀ òfuurufú, mo sì ń gbé ìwé náà lọ síbi iṣẹ́, mo ń kà á nígbà ìsinmi oúnjẹ. Láti ojú ewé àkọ́kọ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó kọ́ ABD nígbà tí irùngbọ̀n ti hù kì í fo ojú ewé. Mo kà á títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti ń ṣírò bí ọkọ̀ akẹ́rù tí akọni bá gbé sọ yóò ṣe lọ jìnnà tó kí ó tó balẹ̀. Mo mọ̀ nípa ẹrù wúwo. Síbẹ̀ n kò mọ ìdí tí ọmọ ọdún mẹ́wàá fi gbọ́dọ̀ gbé ọkọ̀ akẹ́rù sọ, n kò sì mọ ẹni tó ni ọkọ̀ náà.

Mo fi ojú ewé yẹn han ọmọ mi. Ó kà á díẹ̀, ó pa ìwé náà dé.

"Dádì, ìṣirò ni èyí."

"Ìṣirò dára."

"Ní Sátidé?"

Mo dá ìwé náà padà. Mo mú òmíràn tí àwòrán inú rẹ̀ dára. Ìyẹn ni mo ní lọ́wọ́ nígbà tí ìyá àwọn ọmọbìnrin méjèèjì pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káalẹ́ sà. Àwọn ọmọ mi ní ẹ fẹ́ fún àwọn ní agbára."

"Eré ni."

"Mo mọ̀ pé eré ni, sà. Agbára wo ni? Ibo ni agbára ọ̀hún ti ń wá?"

Ìbéèrè gidi ni. A jọ ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kan náà, a sì mọ̀ pé ènìyàn kì í gba agbára láìbéèrè ọ̀dọ̀ ẹni tó fún un. Mo ṣí ìwé náà. Ẹ̀mí kan nísàlẹ̀ adágún omi ló fún akọni àkọ́kọ́ ní tirẹ̀. Èkejì bá ohun kan dá májẹ̀mú nínú ihò ilẹ̀. N kò ka ẹ̀kẹta.

Mo ní, "Mo máa pè yín padà."

"Há! Ẹ ti rí nǹkan kan níbẹ̀ nìyẹn!"

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dé ìdí àpótí. Ìwé inú rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ti ṣe àwọn akọni sílẹ̀, kí ọmọ kàn mú èyí tó wù ú. Ìtàn kan ṣoṣo ló sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ní a lè parí rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wo ibi tí agbára wọn ti wá kí n tó wo ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni mo pe ìyá àwọn ọmọ.

"Mànàmáná ni."

"Mànàmáná báwo, sà?"

"Ó sán lu ọ̀kan."

"Kò kú?"

"Kò kú. Òmíràn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìbọ̀wọ́ irin kan. Ibẹ̀ ni agbára tirẹ̀ wà."

"Ìyẹn dára. Iṣẹ́ ọwọ́ ni. Dáìsì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe tẹ́tẹ́?"

"Kò sí owó níbẹ̀."

"Kí wá ni ẹni tó bá jẹ yóò gbà?"

"Kò sí ẹni tó ń jẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé eré yìí yé ẹ̀yin gan-an báyìí?"

"Rárá."

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun á gbé wọn wá.

Òtítọ́ ni mo sọ fún un. Mo ka apá tí wọ́n kọ fún olùdarí lákàtúnkà. Òun ni yóò máa sọ̀rọ̀ fún gbogbo ẹni tí kì í ṣe akọni: ọlọ́pàá, ẹni tó ń sá kiri, ọ̀daràn. Òun ni yóò bá àwọn ọmọ jà, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fẹ́ borí wọn. Ẹni tó ń bá ọ jà tí ó sì ń fẹ́ kí o borí òun, kí ni à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀? N kò rí i nínú ìwé.

Ọ̀daràn inú ìtàn náà kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń bú ènìyàn, ó sì ń jí iná ìlú. N kò lè fi ohùn ọ̀dọ́ bú ènìyàn fún ọmọ ọlọ́mọ. Mo wá yí i padà. Mo sọ ọ́ di bàbá arúgbó kan tí kò fẹ́ràn ooru, tí ó ṣe ẹ̀rọ kan tí ń fa òtútù inú ẹ̀rọ amúlétutù gbogbo Dallas àti agbègbè rẹ̀ sínú ilé tirẹ̀ nìkan. Mo rò pé mo ṣe ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ohùn bàbá arúgbó ni mo ní.

Nígbà tí Sátidé dé, mo din dòdò. Ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọbìnrin náà tọ́ ọ wò.

"Àńkù, ṣé ẹ̀yin lẹ dín in?"

"Èmi ni."

"Ó jóná díẹ̀ o." Àbúrò rẹ̀ fi ìgúnwọ́ gún un. "Kí ni? Mo ní díẹ̀ ni!"

Wọ́n mú akọni. Ọmọkùnrin mú ẹni tí mànàmáná sán lù. Ẹ̀gbọ́n mú oníbọ̀wọ́ irin. Àbúrò mú ẹni tó ń fò, ṣùgbọ́n ó ní òun kò ní fò ga jù. Ọmọ mi mú ẹni tó lè kéré bí èèrà. Mo bẹ̀rẹ̀.

"Ooru mú ní Dallas."

Wọ́n ń retí. Ọmọ mi rọra sọ fún mi pé, "Dádì, ẹ ṣàlàyé bó ṣe rí."

"Ooru mú gan-an."

Ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín, ó sì fọwọ́ bo ẹnu. Mo gbìyànjú sí i. Mo ní àwọn ènìyàn ń sùn sínú ilé ìtajà níbi tí wọ́n ń kó ẹran dídì sí. Mo ní irin ojú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin ti tẹ̀, àwọn èrò sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n gbé bàtà lọ́wọ́. Ìyẹn dùn mọ́ wọn nínú. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni wọ́n ń tọrọ àyè fún. "Àńkù, ṣé mo lè fò?" "Àńkù, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n ja ilẹ̀kùn?" Ìwé ní kí wọ́n máa sọ pé "mo ṣe báyìí." N kò mọ bí mo ṣe lè sọ fún ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa pé kí ó má tọrọ àyè. Mo kàn ń sọ pé, "Fò. Jà á."

Wọ́n ja ilẹ̀kùn ilé bàbá náà. Mo ní òtútù ibẹ̀ pọ̀. Àbúrò gbá apá ara rẹ̀ mọ́ra, ó ń gbọ̀n. Mo wá sọ̀rọ̀ bí bàbá náà, ní Yorùbá, nítorí kò sọ sí mi lọ́kàn pé ó lè sọ èdè mìíràn.

"Àwọn ọmọ wo nìyí tí wọ́n ń wọ ilé àgbà láìkan ilẹ̀kùn?"

Àbúrò sọ̀kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàsán sà."

Ìwé ní ibí ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti dáìsì sí wọn. Kò sí ẹni tó mú un.

Ọmọkùnrin ní, "Àńkù, ṣé àwa la máa lù yín?"

"Kì í ṣe èmi. Bàbá náà ni."

"Ṣùgbọ́n ẹnu yín ló fi ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ lù ú. Eré ni."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Tí màmá mi bá gbọ́ pé mo na bàbá arúgbó, kò ní béèrè bóyá eré ni."

Mo wo ìwé, kò sí ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ irú ilé tí àwọn ọmọ wọ̀nyí ti wá. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n ni mo fi àgbà sọ́wọ́ ọmọdé pé kí wọ́n nà án. Ọmọkùnrin yí ojú sí fèrèsé. Ọmọ mi dorí kodò bí ó ti máa ń ṣe kí ó tó dìde lọ sí yàrá rẹ̀. Ọkàn mi ti lọ sí Houston. Mo fojú inú rí i pé ó ń kó aṣọ rẹ̀ sínú àpò.

Ó gbórí sókè.

"Dádì, ṣé bàbá yẹn ní ẹ̀gbọ́n?"

"N kò mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ṣé ó ní ẹ̀gbọ́n?"

"Ó lè ní."

"Obìnrin ni," ó ní. Kò tọrọ àyè. "Mo kéré bí èèrà, mo gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, mo lọ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá."

Àwọn yòókù pariwo. "Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ jẹ́ ká fẹjọ́ rẹ̀ sùn!" Ọmọkùnrin fúnra rẹ̀ gbá dáìsì mú, ó jù ú láti mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n wà nílé. Ó wà nílé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún obìnrin náà, nítorí ìwé ní olùdarí ni yóò sọ̀rọ̀ fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọmọ mi ti dìde dúró. Ó fọwọ́ lé ìbàdí.

"Ìwọ! Kí lò ń fi òtútù olótùútù ṣe? Àwọn ọmọdé wọ̀nyí ń làágùn níta, o jókòó síbí o wọ súẹ́tà! Ojú ò tì ọ́?"

Yorùbá ni. Láti ìgbà ikú ìyá rẹ̀, òyìnbó ló fi ń dá mi lóhùn, mo sì ti rò pé èdè náà ti lọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wà níbẹ̀, àti ọwọ́ ìbàdí, àti bí ó ṣe ń ju orí. Mo mọ ẹni tí ó ti rí i lára rẹ̀.

N kò mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Bí mo bá jẹ́ bàbá náà, ẹ̀gbọ́n mi ló dúró yìí. Bí mo bá jẹ́ bàbá rẹ̀, ọmọ mi ni. Ara mi ló pinnu fún mi. Mo dìde lórí àga, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n mi."

Ariwo tí wọ́n pa, n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí nílé yẹn. Àbúrò ń fò sókè. Ọmọkùnrin dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rín ló wó o lulẹ̀. Ọmọ mi kò tíì ṣe tán pẹ̀lú mi.

"Dá a padà! Gbogbo ẹ̀! Ti Irving kọ́kọ́!"

A kò gbọ́ nígbà tí ìyá àwọn ọmọbìnrin kan ilẹ̀kùn. Ó ti wọlé kí n tó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n! Ṣé kò sí o? Ṣé ẹ ṣubú ni?"

"N kò ṣubú."

"Ta lẹ dọ̀bálẹ̀ fún?"

Mo nawọ́ sí ọmọ mi. Ó wo ọmọ náà, ó wò mí.

"Mànàmáná lẹ sọ fún mi o, sà. Ẹ ò sọ èyí."

Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ wọ bàtà, ibi tí àwọn ń lọ jìnnà. Wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ní sùúrù díẹ̀, Irving nìkan ni òtútù ti dé. Kò yé e. Ó kó wọn lọ. Ọmọkùnrin náà tẹ̀lé wọn lọ sílé, kò sì bá wa palẹ̀ mọ́.

Èmi àti ọmọ mi kó abọ́. Mo retí kí ó sọ nǹkan kan. Ó ní dòdò jóná lóòótọ́. N kò mọ̀ bóyá inú rẹ̀ dùn tàbí ojú ń tì í nítorí mi. Mo fẹ́ béèrè. Mo nu tábìlì.

Ní ọjọ́ kejì, àǹtí rẹ̀ dé. Lẹ́yìn ìsìn, a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ níta ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fa ọmọ náà mọ́ra.

"Ọkọ mi, o ti ronú sí i?"

Ọmọ náà ní òun ti ronú. Mo ń wo bàtà mi.

"Mo máa wá kí yín. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa gbé ibẹ̀, Àǹtí. A ní eré kan tí a ń ṣe."

"Eré! Ṣé eré ló ń dá ọ dúró? Eré wà ní Houston."

"Èyí kọ́. Bàbá yẹn ò tíì dá òtútù padà tán. Ti Irving nìkan ló dá padà."

Àbúrò ìyàwó mi kọjú sí mi. "Bùọ̀dá, bàbá wo?"

Mo ronú ibi tí mo lè gbà bẹ̀rẹ̀: láti orí ìwé tó wúwo ni, tàbí láti orí mànàmáná, tàbí láti orí kápẹ́ẹ̀tì. N kò rí ibi tó dára.

"Èmi ni," mo ní.

Ọmọ mi fa àǹtí rẹ̀ lápá kí ó lè fetí sí òun. Ojú ọmọ náà le bí ojú ẹni tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

"Àwọn ará Pleasant Grove ṣì ń làágùn, Àǹtí. A ò lè fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."